Àpótí Tí Kì Í Kọ́kọ́ Sọ̀rọ̀

Òórùn òjé tó ń yọ́ ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọdún tí mò ń wí yìí. Òjé tí a fi ń lẹ wáyà mọ́ra wọn ni. Ó máa ń rú èéfín funfun tẹ́ẹ́rẹ́, èéfín náà á sì gba ojú ẹni tó bá tẹrí ba lé e lórí, á mú un sunkún láìṣe pé ẹnì kan kú. Ìsẹ́yìn ni mo wà nígbà náà, ní ọ́fíìsì ìjọba kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti mọ iye òjò tó ń rọ̀ ní agbègbè wa, kí àwọn tó fẹ́ẹ́ sé odò lè mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ọdún kejì tí mo jáde nílé-ẹ̀kọ́ gbogboǹṣe ni. Bírò mẹ́ta ló máa ń wà lápò àyà mi, dúdú, pupa àti búlúù, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tí mi ò lè mọ̀ bí mo bá ti jókòó tì í.

Ọ́fíìsì wa ní kọ̀ǹpútà kan. Ní àkókò yẹn, òun nìkan ni èmi mọ̀ ní gbogbo Òkè-Ògùn. Òyìnbó kan tó wá bá wa ṣiṣẹ́ fún ọdún kan ló mú un wá, ọ̀gá wa sì ní kí wọ́n máa fi aṣọ tábìlì tí ìyàwó òun hun bò ó kí eruku má bà á jẹ́. Àwọn èèyàn máa ń yà láti wò ó. Àwọn mìíràn á kúnlẹ̀ kí ọ̀gá, wọ́n á wá fi ojú kí kọ̀ǹpútà náà pẹ̀lú. Èmi ni òyìnbó náà kọ́ ní ìlò rẹ̀, ìgbéraga tó sì gbé mi wọ̀ nítorí èyí kò kéré. Bí mo bá ń ṣí aṣọ orí rẹ̀ láàárọ̀, bí ẹni tó ń ṣíjú ìyàwó tuntun ni mo ṣe ń ṣe é.

Ní ẹ̀yìn ìlú Ìpàpó ni bàbá kan wà tó ń bá ọ́fíìsì wa wọn òjò. Bàbá Olójò ni gbogbo ayé ń pè wọ́n. Àgbẹ̀ ni wọ́n, mùsùlùmí tó dúró déédéé ni wọ́n, wọ́n sì ti ń ṣe iṣẹ́ náà láti ìgbà tí mo ṣì ń fi ìka kọ̀wé sórí iyanrìn. Agolo bàbà kan ni ìjọba rì mọ́lẹ̀ sínú ọgbà kékeré tí wọ́n fi wáyà yí ká. Bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá ti lù, Bàbá Olójò á ṣí ọgbà náà, wọ́n á da omi inú agolo sínú ife gíláàsì alámì, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ títí ojú wọn á fi bá ojú omi dọ́gba, wọ́n á sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé. Bí òjò ò bá rọ̀, wọ́n á kọ òdo. Kò sí àìsàn, kò sí ọdún iléyá, kò sí ọjọ́ ọjà tó ń dí wọn lọ́wọ́. Àwọn ará Ìpàpó kò gbà pé wíwọ̀n nìkan ni wọ́n ń wọn òjò. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ sọmọ lórúkọ á wá bẹ̀ wọ́n láti bá òun dá a dúró di ọ̀sán, ẹni tó bá gbin àgbàdo á wá bẹ̀ wọ́n láti tú u sílẹ̀. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Èmi ò ní òjò o. Ìwé òjò ni mo ní." Kò sẹ́ni tó gbà wọ́n gbọ́.

Ọdún yẹn gan-an ni òyìnbó wa gbé àpótí irin kan kalẹ̀ sínú ọgbà náà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ agolo bàbà. Ṣíbí kékeré méjì ló wà lórí àpótí náà. Bí òjò bá kún ọ̀kan, á dà nù, èkejì á sì gba ipò rẹ̀. Ọpọlọ kékeré kan tí kò tóbi ju èékánná àtàǹpàkò lọ wà nínú àpótí, òun ló ń ka iye ìgbà tí ṣíbí dà, tó sì ń fi pamọ́ sórí lójoojúmọ́. Ète wọn, tí ẹnikẹ́ni kò sọ sétí Bàbá Olójò, ni pé bí àpótí náà bá ṣiṣẹ́ dáadáa, kò ní sí ìdí láti máa san owó oṣù fún bàbá tó ń gun kẹ̀kẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá Olójò gba àpótí náà ní àlejò. Wọ́n ń ro koríko ìdí rẹ̀, wọ́n ń nu eruku ara rẹ̀. Ọjọ́ kan tí mo bá òyìnbó lọ síbẹ̀, ìyàwó wọn gbé omi tútù wá fún wa, ìyá aláwọ̀ dúdú kúkúrú kan tí ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó nawọ́ sí àpótí náà, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ gbé orogún wá bá mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni baálé mi ń lọ." Gbogbo wa rẹ́rìn-ín títí. Òyìnbó béèrè ohun tó sọ, mo túmọ̀ rẹ̀, òun náà wá rẹ́rìn-ín lẹ́yìn tí tiwa ti tán.

Nígbà tó yá, ọdún òyìnbó pé, ó padà sílé. Ó fi kọ̀ǹpútà sílẹ̀ fún wa, ó fi àpótí sílẹ̀ nínú ọgbà, ṣùgbọ́n wáyà tí a fi ń so àpótí mọ́ kọ̀ǹpútà bá ẹrù rẹ̀ lọ. Kò sí ẹni tó kọbi ara sí i. Ìwé Bàbá Olójò ṣì ń wọlé lóṣooṣù, èmi ni wọ́n sì ní kí n máa tò ó kí a tó dá a padà fún wọn.

Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọgbọ́n mi ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán mi. Mo gbé ìwé Bàbá Olójò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé agolo tó wà lẹ́yìn ọ́fíìsì wa ní Ìsẹ́yìn, mo sì rí i pé láàrin oṣù kẹjọ, nígbà tí òjò máa ń sinmi, tí ilẹ̀ wa gbẹ tí erùpẹ̀ ń kù, Bàbá Olójò kọ mìlímítà mọ́kànlélọ́gọ́ta ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Òjò tó tó ya odò! Mo tún rí ọjọ́ kan nínú oṣù kẹsàn-án tí wọn ò kọ nǹkan kan sí rárá, òdo pàápàá kò sí níbẹ̀. Mo fi bírò pupa yí méjèèjì po. Mo wá jókòó, mo kọ ìròyìn ojú ìwé méjì sí ọ̀gá ní òyìnbó tó dán mọ́nrán. Mo sọ níbẹ̀ pé ó jọ pé ẹni tó ń kọ ìwé náà ń jókòó sílé fi orí ara rẹ̀ rọ òjò. Gbólóhùn yẹn dùn mọ́ mi débi pé mo kà á fún ara mi lẹ́ẹ̀mẹta.

Ó dùn mọ́ ọ̀gá náà. Láàrin ọ̀sẹ̀ kan, kúẹ́rì ti dé ọwọ́ Bàbá Olójò: kí wọ́n wá sọ ìdí tí a kò fi ní lé wọn lẹ́nu iṣẹ́ nítorí irọ́ pípa àti àìkọbiara síṣẹ́. Àwọn ọ̀gá àgbà ń bọ̀ láti Ìbàdàn lọ́jọ́ Ẹtì tó tẹ̀lé e láti gbọ́ ẹjọ́ náà. Ẹ sì mọ bí ìlú kékeré ti rí. Bí ìjọba bá lé bàbá àgbàlagbà lẹ́nu iṣẹ́ nítorí irọ́, ta ni yóò tún jẹ́ kí wọ́n ṣe ẹlẹ́rìí ìgbéyàwó? Ta ni yóò gba ọ̀rọ̀ wọn gbọ́ lórí ààlà oko?

Ọjọ́ Ajé ni Bàbá Olójò gun kẹ̀kẹ́ láti Ìpàpó wá sí ọ́fíìsì wa pẹ̀lú kúẹ́rì náà nínú àpò agbádá. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n wá. Wọ́n mọ nọ́ńbà kọ dáadáa, ṣùgbọ́n òyìnbó ìwé náà ga jù wọ́n lọ.

Wọ́n ní, "Ọ̀gá kékeré, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Kí ni wọ́n wí?"

Wọ́n ń fi ẹ̀yin bá mi sọ̀rọ̀, èmi tí àbíkẹ́yìn wọn lè fi ọdún mẹ́rin jù, nítorí pé mo jẹ́ ọ̀gá níbi iṣẹ́. Mo sì ti ń gbà á bí ohun tó tọ́ sí mi. Mo túmọ̀ ìwé náà fún wọn, ojú mi sì wà nílẹ̀. Wọ́n gbọ́ ọ títí dé ìparí. Wọ́n ní, "Ọjọ́ tí wọ́n ń wí yẹn, òjò rọ̀ ní Ìpàpó. Ó rọ̀ gan-an ni." Wọ́n ká ìwé náà sí mẹ́rin, wọ́n kì í bọ àpò, wọ́n sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ọpẹ́ yẹn ló dà mí láàmú jù. Òjò ò bẹ́nìkan ṣọ̀tá, ẹni eji rí ni eji ń pa. Ta ló sọ fún mi pé òjò tó rọ̀ ní Ìpàpó gbọ́dọ̀ kàn wá ní Ìsẹ́yìn?

Lẹ́yìn tí wọ́n lọ ni mo rántí àpótí. Bí òjò bá rọ̀ lọ́jọ́ náà lóòótọ́, àpótí á mọ̀. Lọ́jọ́ kejì mo gba ọkọ̀ iṣẹ́, mo lọ tú u nínú ọgbà, mo gbé e wá sí ọ́fíìsì. Nígbà tí mo gbé e kalẹ̀ ni mo rí i pé iná pupa kékeré ara rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú. Mo mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bátìrì tó fi ń rántí nǹkan ti ń kú lọ. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ kò sì sí ní Ìsẹ́yìn, kò sí ní Ìbàdàn pàápàá. Bí ó bá kú, gbogbo òjò ọdún yẹn á dàwátì lórí rẹ̀, ẹ̀rí kan ṣoṣo tí Bàbá Olójò ní á sì bá a lọ.

Kò sí wáyà. Mo ní láti ṣe é fúnra mi. Ihò tó wà lẹ́yìn kọ̀ǹpútà gba orí wáyà tó ní eyín márùndínlọ́gbọ̀n, bẹ́ẹ̀ sì ni ti àpótí. Ìwé ìlò àpótí wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ikán ti jẹ ìdajì rẹ̀. Nínú ohun tó kù, mo rí i pé mẹ́ta péré ló ṣe kókó nínú gbogbo eyín náà: ọ̀kan fún sísọ, ọ̀kan fún gbígbọ́, ọ̀kan fún ilẹ̀ tí àwọn méjèèjì jọ ń dúró lé. Mo yọ́ òjé, mo lẹ wáyà mẹ́ta, mo so sísọ mọ́ sísọ, mo so gbígbọ́ mọ́ gbígbọ́, mo tan kọ̀ǹpútà. Kò sí nǹkan kan. Ìyókù ọjọ́ Ìṣẹ́gun lọ bẹ́ẹ̀, àfi ìgbà tí ọ̀gá gba iwájú yàrá kọjá tó ń bá akọ̀wé jà ni mo tó mọ ohun tí mo ṣe. Àwọn méjèèjì ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ẹnu kọjú sí ẹnu, kò sí ẹni tó ń gbọ́. Mo tú òjé náà, mo pààrọ̀ wáyà méjèèjì kí ẹnu ọ̀kan lè dojú kọ etí èkejì. Mo lu ara mi lọ́gọ ẹnu.

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́rú, síbẹ̀, dídákẹ́ ni. Mo kọ ìlànà fún kọ̀ǹpútà pé kó máa tẹ́tí sí àpótí, kí ó sì kọ ohunkóhun tó bá gbọ́ síta. Kọ̀ǹpútà ń tẹ́tí. Mo jókòó tì wọ́n. Àmì kékeré kan ń tàn, ó ń kú, lójú kọ̀ǹpútà, iná pupa ń ṣẹ́jú lára àpótí, àwọn méjèèjì dà bí àna méjì tó ń bára wọn bínú. Mo yẹ gbogbo wáyà wò. Mo fi aṣọ nu eyín orí wáyà. Mo paná, mo tún tàn án. Aago méjì ọ̀sán sì ni wọ́n máa ń pa jẹnẹrétọ̀ ọ́fíìsì wa, lẹ́yìn rẹ̀ kò sí iṣẹ́ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ ohun tó wà lọ́kàn mi. Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá tọ́ nílé wa mọ̀ pé kékeré ló ń kọ́kọ́ kí àgbà. Bí ọmọdé bá wọlé tó dúró gbagidi tó ń wo àgbà lójú, ìyá rẹ̀ ni wọ́n máa bú. Kọ̀ǹpútà tóbi, ó níyì, aṣọ ni wọ́n fi ń bò ó. Àpótí kéré, inú pápá ló ń gbé pẹ̀lú aláǹgbá. Kò tiẹ̀ wá sí mi lọ́kàn rí pé ẹlòmíràn yàtọ̀ sí àpótí ló yẹ kó kọ́kọ́ lanu. Bẹ́ẹ̀ ìwé tí ikán jẹ kù sọ ọ́ kedere pé àpótí náà máa ń dáhùn. Mo ka ọ̀rọ̀ náà tó ìgbà mẹ́wàá. Mi ò bi ara mi pé kí ló máa ń dáhùn sí.

Ọjọ́bọ̀, tó ku ọ̀la kí àwọn ọ̀gá àgbà dé, Bàbá Olójò tún gun kẹ̀kẹ́ wá. Wọ́n ní àwọn rí i pé mo gbé àlejò àwọn lọ, àwọn wá wò ó. Wọ́n gbé ìwé òjò wọn dání, wọ́n fi aṣọ wé e. Mo fún wọn ní àga. Iná pupa ara àpótí ti ń rọ, ó ń pẹ́ kó tó ṣẹ́jú. Inú ń bí mi, ẹ̀rù sì ń bà mí.

Wọ́n wo àpótí, wọ́n wo kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Kí lẹ ń dúró dè, Ọ̀gá kékeré?"

Mo ní, "Mò ń dúró kí àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ohun tó mọ̀ fún kọ̀ǹpútà ni, Bàbá."

"Kí ni kọ̀ǹpútà ti bi í?"

"Kò tíì bi í ní nǹkan kan. Àpótí ló kéré, òun ló yẹ kó kọ́kọ́ kí i."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí ẹ̀rín wọn láti ìgbà tí kúẹ́rì ti dé nìyẹn. Wọ́n ní, "Agolo mi kò wá bá mi nílé rí o. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti rì í mọ́lẹ̀, kò dìde ní ọjọ́ kan kó wá sọ fún mi pé òjò rọ̀. Èmi ni mo ń dìde lọ bá a ní aago mẹ́sàn-án. Ẹni tó fẹ́ẹ́ mọ̀ ló ń béèrè."

Mo tẹjú mọ́ wọn. Abéèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo sì ti lo ọjọ́ mẹ́ta nínú igbó láìbéèrè. Mo yí ìlànà kọ̀ǹpútà padà kí òun kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ wo ni yóò sọ? Ojú ìwé tí ìbéèrè náà wà ti wà nínú ikùn ikán. Mo ní kò burú, lẹ́tà mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n péré ni òyìnbó ní, mà á gbìyànjú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo tẹ A. Kò sí nǹkan kan. Mo tẹ B, mo tẹ C, mo ń tẹ̀ wọ́n lọ. Bàbá Olójò ti sún àga wọn mọ́ mi, tẹ̀sùbáà wọn ń lọ díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ agbádá. Nígbà tí mo tẹ R, ojú kọ̀ǹpútà fò lójijì, nọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ́ lórí ara wọn, ìlà kan tẹ̀lé òmíràn, láìsinmi.

Bàbá Olójò pariwo, "Alihamudulilahi!" Akọ̀wé sáré wọlé, ó rò pé iná ń jó.

Aago kan àti ìdajì ti kọjá. Mi ò mọ bí a ṣe ń fi nǹkan pamọ́ sínú kọ̀ǹpútà yẹn dáadáa, mi ò sì fẹ́ẹ́ dán an wò nígbà tí iná fẹ́ẹ́ lọ. Mo fa ìwé àti bírò yọ. Bàbá Olójò tú aṣọ ara ìwé tiwọn. Mò ń kà á láti ojú kọ̀ǹpútà, mò ń kọ ọ́, àwọn náà ń ka tiwọn.

Mà á ní, "Méjìlá."

Wọ́n á ní, "Méjìlá."

"Òdo."

"Òdo."

"Mẹ́jọ."

"Mẹ́sàn-án ni mo rí. Ṣùgbọ́n ṣíbí yín kéré."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ títí a fi dé oṣù kẹjọ. Mo fi ìka mi lé ìlà náà kí n tó wò ó, bí ọmọ tó ń bẹ̀rù èsì ìdánwò. Ọgọ́ta ló wà níbẹ̀. Tiwọn jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta. Bàbá Olójò kàn mi orí wọn ni. Wọ́n ní, "Mo sọ fún yín pé ó rọ̀ gan-an."

Oṣù kẹsàn-án ló kù. A dé ọjọ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lófìfo. Àpótí kọ mẹ́rìnlá fún ọjọ́ náà, ó sì kọ méje fún ọjọ́ kejì. Nínú ìwé Bàbá Olójò, àlàfo ló wà ní ọjọ́ àkọ́kọ́, mọ́kànlélógún ló wà ní ọjọ́ kejì. Ó dọ́gba gẹ́lẹ́. Wọ́n ti wọn omi ọjọ́ méjì pọ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbi tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Inú mi dùn débi pé mo ṣí bírò, mo ní, "Bàbá, ẹ mú ìwé yín wá. Ẹ jẹ́ kí n bá yín kọ mẹ́rìnlá sí àlàfo yìí, kí n sọ mọ́kànlélógún di méje. Àwọn ọ̀gá kò ní rí àléébù kankan níbẹ̀ mọ́."

Wọ́n fi ọwọ́ bo ìwé náà.

Wọ́n ní, "Rárá o. Mi ò lọ síbẹ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tí mi ò fojú mi rí, mi ò lè fi ọwọ́ mi kọ ọ́."

Nígbà náà ni mo béèrè, lẹ́yìn ojú ìwé méjì òyìnbó tó dán mọ́nrán, lẹ́yìn bírò pupa, lẹ́yìn kúẹ́rì: "Bàbá, kí ló ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ yẹn?"

Wọ́n ń wo ojú kọ̀ǹpútà. Wọ́n ní, "Ìyàwó mi ló kú. Ìdájí ló kú. Ẹ mọ̀ pé a kì í fi òkú pamọ́. Ní aago mẹ́sàn-án, inú ilẹ̀ la ti ń gbé e sí."

Mo rántí omi tútù, mo rántí orogún. Mo ní, "Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún wa nígbà tí kúẹ́rì dé? Ẹ wá síbí lọ́jọ́ Ajé. Ẹ jókòó níwájú mi."

Wọ́n ní, "Ta ló bi mí?"

Wọn kò fi ìbínú sọ ọ́. Bí ẹni tó ń sọ iye òjò ni wọ́n ṣe sọ ọ́. Mo dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, bírò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta fọ́n ká sílẹ̀, mo sì jẹ́wọ́ pé èmi ni mo kọ ìròyìn náà, èmi ni mo fi ọ̀rọ̀ irọ́ kàn wọ́n. Wọ́n nawọ́, wọ́n fà mí dìde.

Wọ́n ní, "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ọdún mélòó ni mo ti ń kọ ìwé yìí? Ìwọ nìkan ló kà á."

Ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n pè mí ní ìwọ nìyẹn. Jẹnẹrétọ̀ kú bí mo ṣe dúró síbẹ̀, nọ́ńbà gbogbo sì parẹ́ lójú kọ̀ǹpútà. Ṣùgbọ́n a ti kọ wọ́n tán.

Lọ́jọ́ Ẹtì, àwọn ọ̀gá àgbà wo ìwé méjèèjì, wọ́n bi Bàbá Olójò ní ìbéèrè díẹ̀, wọ́n sì ya kúẹ́rì náà. Ọ̀gá wa ní kí n kọ ìròyìn mìíràn. Mo kọ ọ́ ní ìlà mẹ́fà, kò dán rárá. Àpótí kú ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kò sì rántí nǹkan kan mọ́. Wọn kò rí owó ra bátìrì mìíràn fún un, Bàbá Olójò sì ń bá agolo bàbà wọn lọ títí agbára wọn fi tán. Ọmọ wọn mú ìwé àtijọ́ náà wá fún mi lẹ́yìn tí wọ́n fẹ̀yìn tì. Ó ní bàbá ní òun mọ ẹni tó máa kà á.

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí èmi náà. Ní ìsinmi tó kọjá, ọmọbìnrin ọmọ mi tó wà ní yunifásítì gbé pátákó kékeré kan wá sílé, kò gùn ju ìka mi lọ, wáyà oríṣiríṣi ló hù lára rẹ̀. Ó fẹ́ẹ́ fi wọn ooru inú yàrá. Ó ki wáyà USB kan bọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó ki orí kejì bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà àgbélétan rẹ̀, àwọn méjèèjì sì mọra wọn kí n tó mú awò ojú mi. Mo bi í pé nínú àwọn méjèèjì, ta ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó ní, "Bàbá àgbà, kọ̀ǹpútà ni. Èyí kékeré yìí kì í dá sọ̀rọ̀ láé. Ó di ìgbà tí wọ́n bá bi í." Mo rẹ́rìn-ín débi pé ó béèrè ohun tó pa mí lẹ́rìn-ín. Ni mo bá gbé ìwé Bàbá Olójò sọ̀ kalẹ̀ látorí kọ́bọ́ọ̀dù, mo sì sọ gbogbo ìtàn tí mo sọ yìí fún un. Mo ṣí ojú ìwé oṣù kẹsàn-án, mo fi àlàfo náà hàn án. Àmì bírò pupa mi ṣì yí i po.

Ó fi ìka kàn án. Ó wá ní, "Kí ni orúkọ ìyàwó wọn, Bàbá àgbà?"

Mo la ẹnu láti dá a lóhùn. Mo rántí ẹ̀rín ìyá náà, mo rántí kèrègbè tó fi bu omi fún wa, mo rántí bí ó ṣe nawọ́ sí àpótí. Mo wá sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n, pé mi ò bi wọ́n.